Kámẹ́rà Kọ́ Ló Yẹ Kó Dá Ẹjọ́ Agbábọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Ní Ó Lu Aya Rẹ̀

Fídíò méjì ni ó wà. Èkíní jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2014. Ó ṣàfihàn ọkùnrin kan tí ó ń wọ́ obìnrin tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́ jáde kúrò nínú lífítì ilé tẹ́tẹ́ Revel ní ìlú Atlantic City, ní Amẹ́ríkà. Èkejì jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Lífítì kan náà ni, òru kan náà ni, ọkùnrin àti obìnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà inú lífítì ni ó ya èyí, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbé obìnrin náà ṣubú han gbogbo ayé. Ọkùnrin náà ni Ray Rice, agbábọ́ọ̀lù Baltimore Ravens. Obìnrin náà ni Janay Palmer, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lẹ́yìn fídíò kìíní, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NFL ní kí Rice lọ rọ́ọ́kún nílé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré. Nígbà tí fídíò kejì jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya lọ́jọ́ náà gan-an, líìgì sì ní kí ó má fẹsẹ̀ kan pápá mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá.

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò wúwo sí i, kò sì fúyẹ́ sí i. Ojú tí ó rí i ni ó pọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òkùnkùn ni àwọn aláṣẹ wà kí fídíò kejì tó jáde. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ń yẹ ẹ̀sùn wò ní ìpínlẹ̀ New Jersey ti fi ẹ̀sùn ìkọlù ńlá kan Rice láti oṣù kẹta. Ní oṣù kẹfà, ó jókòó níwájú Roger Goodell, ọ̀gá àgbà líìgì náà, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Barbara Jones, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà fún, ó fagi lé ìyà kejì ní oṣù kọkànlá. Ohun tí ó rí ni pé Rice kò tan Goodell jẹ, nítorí náà kò sí ohun tuntun tí líìgì lè dì mọ́ láti fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀kejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti í ba ẹjọ́ tí ó tọ́ jẹ́, kí ó wo ibẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan lu obìnrin dákú; síbẹ̀, òun ni ó di ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ níwájú adájọ́, nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bá a wí fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì fi ìbínú mú un lẹ́yìn náà.

Ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 kan náà, líìgì yìí lé Josh Gordon ti Cleveland Browns sílé fún odidi sáà kan nítorí igbó mímu, kí wọ́n tó dín in kù sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ kò le láti rí. Òfin igbó wà nílẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n. Ti obìnrin tí ó dákú nínú lífítì kò ní ìwọ̀n kankan. Bí ó bá ti wu Goodell ni. Ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ìdájọ́ Gordon dé ni Goodell kọ ìwé sí àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ gbogbo pé òun kò ṣe ọ̀rọ̀ Rice bí ó ti yẹ. Ó wá fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà láìsí owó lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, àti ìlélọ pátápátá fún ẹni tí ó bá tún un ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún lè bẹ̀bẹ̀ fún ìpadàbọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Òfin dé lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bàjẹ́. Àṣìṣe kìíní tí àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá ń ṣe nìyẹn, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń ṣe é: wọn kì í jókòó kọ òfin sílẹ̀ nígbà tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí tábìlì. Nígbà tí orúkọ bá ti wà níbẹ̀, pàápàá orúkọ ẹni tí ń gbá góòlù wọlé, ọwọ́ tí ó mú kálàmù a máa gbọ̀n.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Rice tí àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tí ó sì burú ju iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2014, Ravens pe àwọn akọ̀ròyìn jọ sí ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mú ọkọ àti aya jókòó pọ̀. Tọkọtaya ni wọ́n nígbà náà, nítorí pé ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan Rice ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Níbẹ̀ ni Janay ti sọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn nípa ipa tí òun náà kó ní òru ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ mú gbólóhùn yìí, wọ́n gbé e sórí Twitter fún aráyé, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí fídíò kejì jáde, tí wọ́n sáré pa á rẹ́. Ẹni tí wọ́n lù ni ó ń tọrọ gáfárà, nínú ilé ẹni tí ń san owó fún ẹni tí ó lù ú, pẹ̀lú ẹni tí ó lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé Yorùbá tí ń parí ìjà tọkọtaya ní àléébù tiwọn, wọn kò sì kéré, ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pe ìyàwó wọ yàrá lọ́tọ̀ kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ Ravens kò fẹ́ kí wọ́n bi àwọn. Bí ẹsẹ̀ Rice bá ṣì yá bí ó ti ń yá tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ní sáà 2012, èyí tí Ravens fi gba Super Bowl, yáàdì 1,143 ni ó sá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ní sáà 2013, ó já sí 660. Ní oṣù keje ọdún 2014, lẹ́yìn fídíò kìíní, àwọn òǹwòran ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún un níbi ìgbáradì. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tò sórí ìlà láti dá ẹ̀wù tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ padà kí wọ́n lè gba ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú NFL tí ó gbà á síṣẹ́ mọ́.

Ìtàn Greg Hardy ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Iṣẹ́ Hardy ni kí ó máa gbé ẹni tí ń darí eré ẹgbẹ́ kejì ṣubú, ìgbà 15 ni ó sì ṣe é fún Carolina Panthers ní sáà 2013. Ní oṣù keje ọdún 2014, adájọ́ kan ní North Carolina dá a lẹ́bi pé ó kọlu obìnrin tí ó ti jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ rí, ó sì dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn. Òfin ìpínlẹ̀ náà gba ẹlẹ́jọ́ láyè láti béèrè fún ìgbẹ́jọ́ tuntun níwájú ìgbìmọ̀ ará ìlú, Hardy sì béèrè fún un. Nígbà tí ọjọ́ pé ní oṣù kejì ọdún 2015, wọn kò rí obìnrin náà kí ó jẹ́rìí. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé ìròyìn tí ó dé ọ̀dọ̀ òun ni pé àwọn méjèèjì ti yanjú ọ̀rọ̀ owó láàárín ara wọn. Ẹjọ́ parí síbẹ̀, ẹ̀bi tí adájọ́ kọ́kọ́ dá a kò sì sí mọ́ lójú òfin. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni Dallas Cowboys gbà á síṣẹ́. Líìgì ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó fún un ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, onílàjà kan sì gé e sí mẹ́rin. Nígbà tí àwòrán ọgbẹ́ ara obìnrin náà jáde nínú ìròyìn ní oṣù kọkànlá, Hardy ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì gbá a títí sáà náà fi parí. Fún un, àwòrán kò tó. Bóyá nítorí pé àwòrán kì í rìn bíi fídíò ni, bóyá sì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì le.

Àwọn tí ó ń gbèjà agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Yorùbá náà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ wo Benjamin Mendy ti Manchester City. Ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ ni tirẹ̀, kì í ṣe ti ìwà ipá abẹ́lé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí gbọngbọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ará ìlú sọ pé kò jẹ̀bi èyíkéyìí nínú ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá síwájú wọn. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ti parí, ọdún tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 11 pọ́n-ún tí ó ń béèrè. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n lé agbábọ́ọ̀lù lọ ní kété tí ẹ̀sùn bá ti jáde gbọ́dọ̀ lè wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó sì sọ fún un pé ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ pé kí ẹgbẹ́ dúró de ilé-ẹjọ́ nìkan náà kò rí ọ̀rọ̀ dé ìdí. Ilé-ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ń béèrè ẹ̀rí tí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀wọ̀n ni ó ń fi ènìyàn sí. Ìjà abẹ́lé kì í sábà ní ẹlẹ́rìí ju ẹni tí wọ́n lù lọ. Ẹni náà ń gbé ilé pẹ̀lú ẹni tí ó lù ú, ọmọ wà láàárín wọn, owó oúnjẹ ń ti àpò kan ṣoṣo jáde. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: ìyàwó mọ èyí ju agbẹjọ́rò lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rìí fi ń pòórá, tí ẹjọ́ sì ń wó. Ẹjọ́ tí ó wó kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tàbí pé kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé wọn kò gbọ́ ọ dópin.

Líìgì bọ́ọ̀lù onígi ti Amẹ́ríkà, MLB, ni ó sún mọ́ ọgbọ́n jù lórí èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, líìgì náà àti ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré jọ fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo. Ọ̀gá líìgì lè dá òṣèré dúró fún ọjọ́ méje pẹ̀lú owó rẹ̀ kí ìwádìí lè lọ. Ó lè jẹ ẹ́ níyà bí ilé-ẹjọ́ kò tilẹ̀ dá a lẹ́bi. Òṣèré náà sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Ìyàwó José Reyes kò bá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹjọ́ náà sì dópin ní Hawaii, síbẹ̀ líìgì fún Reyes ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 ní ọdún 2016. Wọn kò tilẹ̀ gbé Aroldis Chapman dé kóòtù rárá, ó sì gba 30. Òfin tí àwọn òṣèré fúnra wọn fọwọ́ sí kò rọrùn láti fọ́ níwájú onílàjà. Ohun tí NFL kò ní nìyẹn nígbà tí ó ń fi ọwọ́ kan ṣòfin, tí ó sì ń fi ọwọ́ kan dájọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ìtàn àwọn ẹni mímọ́. Ní ọdún 2016 kan náà, New York Mets gba Reyes padà, Chapman sì bá Chicago Cubs gba ife ẹ̀yẹ World Series.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró ni ó yẹ kí ọgbọ́n kún jù. Kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ fún adìyẹ. Líìgì rugby ti Ọsirélíà, NRL, fi òfin kan lélẹ̀ ní ọdún 2019: òṣèré tí ọlọ́pàá bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá kàn yóò kúrò lórí pápá títí ẹjọ́ yóò fi parí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò máa wọlé. Wọn kò sọ pé ó jẹ̀bi. Wọn kàn sọ pé òǹwòran kò gbọ́dọ̀ máa kọrin orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ń dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Jack de Belin gbé líìgì lọ sí kóòtù lórí òfin yìí, ó sì fìdí rẹmi. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ará ìlú kò lè fẹnu kò lórí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n pè é sí, agbẹjọ́rò ìjọba sì fi í sílẹ̀, de Belin padà sí pápá ní ọdún 2021. Ó pàdánù ohun tí ó lé ní sáà méjì. Ìyà ni èyí náà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Eré ìdárayá kì í dúró de ẹsẹ̀ tí ń gbó. Ṣùgbọ́n òun àti ẹbí rẹ̀ jẹun, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé orúkọ rẹ̀ tàbí iye góòlù rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá a dúró. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀, èyí ni ó ṣeé gbèjà níwájú àwọn méjèèjì: ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ènìyàn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ta ni yóò wá dájọ́ lẹ́yìn ìdádúró? Kì í ṣe ẹgbẹ́. Àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ Mason Greenwood kíákíá, torí pé ó fọ́ àwọn olólùfẹ́ Manchester United sí méjì. Ọlọ́pàá mú un ní oṣù kìíní ọdún 2022. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án lọ́dún náà, ó ní òun kò jẹ̀bi. Ní oṣù kejì ọdún 2023, agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹlẹ́rìí pàtàkì fà sẹ́yìn, ohun tuntun sì tún jáde. Ẹgbẹ́ náà wá gbé ìwádìí tirẹ̀ kalẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n sọ ní oṣù kẹjọ ni pé, nínú ohun tí àwọn rí, Greenwood kò ṣe ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n kí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn. Bí kò bá ṣẹ̀, kí ni ó ń lé e lọ? Bí ó bá sì ṣẹ̀, kí ni ó wẹ̀ ẹ́ mọ́? Ìdájọ́ tí kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore, títí kan Greenwood fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ọlọ́pàá, tí ó tún ń ṣe adájọ́, ni ó ni ọjà náà pẹ̀lú: Getafe ni wọ́n kọ́kọ́ yá a fún, wọ́n sì tà á fún Marseille ní oṣù keje ọdún 2024. Ọjà kì í dájọ́ ara rẹ̀, ẹni tí ó ni ín kò sì lè ṣe é láìwo iye tí yóò bá a wọlé. Líìgì ni ó yẹ kí ó ní ìgbìmọ̀ tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan, tí adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì àti ẹni tí ó mọ̀ nípa ìwà ipá abẹ́lé yóò wà nínú rẹ̀, tí yóò sì kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Owó ni ó kù, àfàìmọ̀ kí òun sì máà jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ìwé àdéhùn Rice ti ọdún 2012 jẹ́ ti ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 35 dọ́là sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fà á ya, kì í ṣe ọkùnrin náà nìkan ni ebi fẹ́ pa. Ìyàwó agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ojú tirẹ̀ wú, rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé rẹ̀ bí ó bá pe ọlọ́pàá. Òfin tí ó bá le tí kò sì ro ti obìnrin yìí yóò pa á lẹ́nu mọ́ ju òfin tí ó rọ̀ lọ. Owó tí ìdádúró bá gé kúrò, kí apá kan nínú rẹ̀ lọ tààrà sọ́wọ́ aya àti ọmọ. Kí líìgì san owó agbẹjọ́rò tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yàn, àti ti ibi tí yóò sùn bí ó bá fẹ́ kúrò nílé. Bí ọkọ ni wọ́n lù, tàbí ìyá, tàbí àbúrò, kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ní Nàìjíríà, òfin kò ṣàìsí. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n níbi tí agbábọ́ọ̀lù ti ń jà fún owó oṣù mẹ́rin tí wọn kò tíì san, ta ni yóò sọ fún un pé wọ́n dá a dúró pẹ̀lú owó rẹ̀? Líìgì tí ó bá fẹ́ kọ irú òfin yìí nílé, gbèsè owó oṣù ni yóò kọ́kọ́ san.

Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn Rice ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, lẹ́yìn tí ó parí ètò ìtọ́sọ́nà tí kóòtù gbà fún un dípò ẹ̀wọ̀n. Ó lọ káàkiri ilé-ìwé àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ eré, ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ohun tí òun ṣe. Òun àti Janay ṣì jọ wà. Kò sí òfin kankan tí ó sọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó lè padà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ó ti ṣe é tó tàbí kò tíì ṣe é tó. Àwọn ẹgbẹ́ kàn dákẹ́ títí ọjọ́ orí fi bá wọn yanjú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2023, Ravens pè é wá sí pápá wọn ní Baltimore, wọ́n bu ọlá fún un bí akọni àtijọ́ níwájú àwọn òǹwòran, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.